Abẹ́ Pikọ́ọ̀pù Ni Ọjà Wà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé-iṣẹ́ tó ń borí nínú ìdíje pikọ́ọ̀pù nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kó má wulẹ̀ gba Èkó lọ láti wo èyí tí wọ́n tò sẹ́yìn gíláàsì. Kó jí dé Láfẹ́nwá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó máa wo ohun tó ń gbé ẹ̀gẹ́, gààrí àti láfún wọlé láti ọ̀nà Ayétòrò, Ọ̀pẹjì àti Ọ̀dẹ́dá. Yóò rí Pijó 504 tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ọmọ tó ń wà á lọ, tí wọ́n ti fi irin lẹ ìdí rẹ̀ káàkiri. Yóò rí Hilux tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà tuntun lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Yóò rí L200, yóò rí Nissan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì rí Tundra gbàgìdì kan tó ń wá ibi tó máa gbà kọjá láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Mẹkáníìkì ni mí. Pikọ́ọ̀pù ni mo fi kọ́ṣẹ́, òun ni mo sì ń tún ṣe títí di òní. Àwọn tó fẹ́ rà á náà máa ń mú mi dání kí n bá wọn wo abẹ́ rẹ̀ kí owó tó kúrò lápò wọn. Ohun tí mo ti rí láti abẹ́ ọkọ̀ yìí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tó ń kọ ìròyìn ìdíje ń kọ. Wọ́n máa ń ka iye ọkọ̀ tuntun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tà lọ́dún, wọn a sì fi adé lé ẹni tó pọ̀ jù lórí. Níhìn-ín, ẹni tó ra ọkọ̀ ní tuntun kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń tà á. Ẹnì kejì, ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin tó rà á ni wọ́n ń lò ó fún iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣì ṣeé tún ṣe lọ́wọ́ ẹnì kẹrin yìí ló borí nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ta pikọ́ọ̀pù fún wa gbọ́.

Pijó ló kọ́kọ́ fi èyí hàn wá. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé, ó sì di 1979 kí pikọ́ọ̀pù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ń to Pijó ní Kàdúná, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1975, ti sọ orúkọ náà di ti gbogbo ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn ún, dókítà ń gùn ún, àwọn akérò sì ń fi èyí tó gùn nídìí ná Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí pikọ́ọ̀pù dé, kò sí mẹkáníìkì tó ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ohunkóhun. Ẹ́ńjìnì tó ti ń tú ni, gíà tó ti mọ̀ ni, káborétọ̀ tó lè tú kó sì tò padà láìwo ìwé ni. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló gbé ìdí rẹ̀ dúró, ó sì ń ru ju tọ́ọ̀nù kan lọ láìráhùn. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira lè sọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Kì í ṣe pé kò sí alátakò. Datsun wà, kì í mu epo tó Pijó. Mazda wà. Toyota náà ti dé tipẹ́: ọdún 1971 ni Olóyè Michael Ade-Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, dá Elizade sílẹ̀, tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ Elizabeth àti ti ara rẹ̀ so pọ̀, tó sì ń ta Toyota káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ara àwọn ọkọ̀ Japan wọ̀nyẹn le, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá kọṣẹ́ ní Ọ̀dẹ́dá, ó di kí a ránni lọ sí Èkó fún ohun kékeré kan. Ti Pijó wà ní ìsọ̀ tó kángun sí wa. Bí a bá wò ó dáadáa, ọkọ̀ tó ní ẹbí lọ́jà ni Pijó. Gbogbo takisí, gbogbo ọkọ̀ akérò, gbogbo ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ọ́fíìsì, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n, bí apá rẹ̀ kan bá sì bàjẹ́, ìbátan kan yóò yọ tirẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé. Ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀, owó dọ́là gbéra, ohun tí wọ́n fi ń to ọkọ̀ ní Kàdúná àti Èkó sì di ọ̀wọ́n gógó. Tòkunbọ̀ ló gba ọjà. Kútọnu di ibi tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti ń ra ọkọ̀, wọ́n ń gba Sèmè àti Ìdírókò wọlé. Nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí ni Ìdírókò wà, ẹni tó bá sì ti inú oko lọ ra pikọ́ọ̀pù láàárọ̀ lè wà á dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, ìjọba fòfin dè é pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Òfin náà kò dá ọkọ̀ fàyàwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó gbé owó lé orí gbogbo ọkọ̀ tó kù.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, tòkunbọ̀ Corolla kún ilẹ̀, kí ló dé tí tòkunbọ̀ Hilux fi ṣọ̀wọ́n báyìí?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọwọ́ tí à ń gbà wakọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì ni sítíà ọkọ̀ wa gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí Hilux ti pọ̀ jù láyé, Thailand, Australia àti South Africa, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn wà. Amẹ́ríkà, níbi tí sítíà ti bá tiwa mu, kò ní Hilux rárá. Láti 1995 ni Toyota ti fi Tacoma rọ́pò rẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Nítorí náà ni Hilux àlòkù tó bá òfin wa mu fi kéré, bí èèyàn bá sì rí i láti Yúróòpù, owó rẹ̀ lè ra ilẹ̀ sí Ọbáńtoko. Àwọn kan ń yí ọwọ́ sítíà padà l'Ékòó. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. Mo ti tú èyí tí wọ́n yí wò, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe jó irin tó gbé sítíà dúró.

Níbo wá ni àwọn Hilux tó kún Abẹ́òkúta ti wá? Ọjà gbàǹjo ni. Àwọn tó ń ra Hilux ní tuntun ni ìjọba, ọlọ́pàá, báńkì, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ọ̀nà Ewékorò, àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, pikọ́ọ̀pù ni wọ́n tò sójú pápá kí ayé lè rí i. Ológun ti fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí tipẹ́. Pikọ́ọ̀pù Toyota ni àwọn ọmọ ogun Chad fi lé ti Libya ní 1987, débi pé orúkọ ọkọ̀ náà ni wọ́n fi pe ogun ọ̀hún. Bí ọkọ̀ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ wa wọ̀nyí bá ti lo ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á lu ú ní gbàǹjo, á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà, láti ọ̀dọ̀ wọn á dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, aládìẹ, onípákó àti oníbíríkìsì.

Mo mọ Hilux tó ti sá tẹ̀ lé gómìnà rí bí mo bá ti wọ abẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ibi tí ẹrù ti fín in, nítorí àwọn agbófinró ló ń gbé. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni yóò ti kú pátápátá, torí wọ́n ń fi eré rẹ̀ gba inú kòtò bí ẹni pé kòtò kò sí. Abẹ́ dáṣíbọọ̀dù yóò kún fún wáyà tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n yọ fèrè. Èyí tó ti ilé-iṣẹ́ wá yàtọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amútútù, mítà kò sì ka ìyẹn. Èmi a máa sọ fún oníbàárà mi pé kó mú èyí tó ti sá tẹ̀ lé olóṣèlú, torí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò wọ́n tó ẹ́ńjìnì.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Hilux fi jókòó síbi tí Pijó dìde kúrò? Àwọn èèyàn á ní torí pé ara rẹ̀ le ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Ẹ́ńjìnì bẹtiróòlù onílítà 2.7 tó wà nínú Hilux tó jáde ní 2005 náà ló wà nínú bọ́ọ̀sì Hiace tó ń kérò láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Òun kan náà ló wà nínú àwọn Prado kan, òun náà ló wà nínú Tacoma onísìlíńdà mẹ́rin tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Bí mo bá ń wá ohun èlò rẹ̀ ní Láàdípọ̀ ní Mushin tàbí ní Géètì n'Íbàdàn, kì í ṣe ti Hilux nìkan ni mo ń wá, ti gbogbo agboolé Toyota ni. Bí Pijó ṣe jọba nígbà ayé rẹ̀ gan-an nìyẹn, Toyota kàn tún un ṣe ni. Èyí tó ń mu dísù lágbára jù, àmọ́ dísù tí wọ́n ti lú ní omi ń ba ìjẹ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́, owó ìjẹ́tọ̀ mẹ́rin sì lè mú àgbẹ̀ sunkún. Nítorí náà, bẹtiróòlù ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń yàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àwọn ńláńlá Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn wọn, wọ́n sì máa ń bi mí. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìdíje yìí le bí ogun. Láti 1977 ni F-Series ti Ford ti ń ṣíwájú gbogbo pikọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Chevrolet Silverado ló máa ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ní 2019, Ram gba ipò kejì mọ́ ọn lọ́wọ́: Ford tà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 900,000, Ram lé ní 633,000, Silverado sì wà ní bíi 575,000. Ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ General Motors, tó ń ṣe Silverado, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Toyota tó jẹ́ ọba lọ́dọ̀ wa, Tundra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 111,000 lọ lọ́dún náà. Nissan Titan kò tilẹ̀ rọ́wọ́ mú, wọ́n dá a dúró ní 2024. Ẹ wá wò ó: èyí tó kéré jù nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ń wá jù. Wọ́n fojú di iye tí wọ́n tà lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo àmì Toyota tó wà níwájú rẹ̀, torí wọ́n rò pé ibi tí àmì náà bá wà, ohun èlò yóò wà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ Tundra tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2021 ní ẹ́ńjìnì onílítà 5.7 tó ní sìlíńdà mẹ́jọ. Hiace kankan kò ní in, takisí kankan kò ní in. Àfi kí èèyàn wá Sequoia tàbí Land Cruiser ńlá tí wọ́n tú, ìyẹn náà kì í ṣe ohun tó wà ní gbogbo ìsọ̀. Orúkọ bàbá ló jẹ́, kò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí.

Ẹrù sì tún nìyí. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ iye tí ọkọ̀ náà lè rù, èèyàn àti ẹrù lápapọ̀. Mo máa ń kà á fún àwọn tó fẹ́ rà á, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ Tundra onílẹ̀kùn mẹ́rin ni wọn kò fún ní tọ́ọ̀nù kan, àwọn kan kò tilẹ̀ ju ìlàjì tọ́ọ̀nù àti díẹ̀ lọ. Pijó àtijọ́ tí kò ga dé èjìká rẹ̀ ń rù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe Tundra kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ fífà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe iṣẹ́ rírù. Ọlọ́kọ̀ lọ́hùn-ún ń fa ọkọ̀ ojú omi, ó ń fa ilé onítáyà, ó ń fa ẹṣin nínú àgọ́ irin, ó lè fa ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Ta ló ń fa ọkọ̀ ojú omi ní Sàpọ́n? Tiwa ni kí a kó àpò gààrí jọ sẹ́yìn, kí obìnrin mẹ́ta jókòó lé e lórí, ká sì gba ọ̀nà tí wọn kò dà ní ọ̀dà. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe rọ̀ nítorí ìtura ìdílé yóò tẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Fífẹ̀ rẹ̀ náà ńkọ́? F-150 àti Tundra lé ní mítà méjì ní ìbú. Hilux kò tó mítà kan àti ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ní òkè-ìsàlẹ̀ Ìjẹmọ̀, ní Ìtòkú, ní àwọn ọ̀nà àárín àpáta tí àwọn baba wa là fún ẹsẹ̀ àti ẹṣin, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni kí ọkọ̀ kọjá tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Láti ọdún 2015, Ford tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe ara F-150 dípò irin, kí ó lè fúyẹ́. Ọgbọ́n gidi ni fún wọn. Ṣùgbọ́n panẹbítà wa tó ń fi gáàsì jó irin kò lè jó alumíníọ̀mù yẹn, iná á jẹ ẹ́ run lójú rẹ̀. Mo mọ F-150 kan tí ògiri ha lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó dúró sílẹ̀ ju ìgbà tí èèyàn fi ń gbin ẹ̀gẹ́ tó fi ń wú u lọ, torí a kò rí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Bí ẹnì kan bá bi mí pé báwo ni ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ṣe di gbàgìdì báyìí, adìẹ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ gbé owó ibodè ńlá lé adìẹ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, torí ó pọ̀ jù, ó sì ń pa àwọn aládìẹ tiwọn lára. Ní ìparí 1963, Ààrẹ Lyndon Johnson gbẹ̀san: ó gbé ìdá 25 nínú 100 lé àwọn ohun kan tó ń ti Yúróòpù bọ̀, ọkọ̀ ẹrù kéékèèké sì wà lára wọn. Wọ́n ti yọ ìyókù, ti ọkọ̀ ẹrù ṣì wà títí di òní. Ìdí nìyẹn tí Hilux kékeré tó ń ti Japan bọ̀ kò fi lè bá wọn na ọjà lọ́hùn-ún, tí Toyota náà fi lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí San Antonio ní Texas kó lè to Tundra sí. Lábẹ́ ìgbèjà yẹn, àwọn mẹ́ta inú ilé, Ford, Chevrolet àti Ram, ń bá ara wọn jà nìkan, ọkọ̀ wọn ń tóbi sí i, owó rẹ̀ ń ga sí i.

Ẹni tó bá ń gbé Ìpínlẹ̀ Ògùn yóò mọ ìtàn yìí lára. Ìjọba wa ti fòfin de adìẹ yìnyín láti òkèèrè tipẹ́, síbẹ̀ gbogbo ọ̀nà Ìdírókò ni wọ́n ń gbà á wọlé, àwọn aládìẹ wa ní Abẹ́òkúta sì ń pariwo. Àwọn aládìẹ yìí wà lára àwọn oníbàárà pikọ́ọ̀pù tó dára jù tí mo ní. Ẹyin kò fẹ́ kòtò. Ìyáàfin tó ń kó ẹyin láti Alábàtà lọ sí Kútọ̀ kì í bi mí bóyá ọkọ̀ lágbára, ó ń bi mí bóyá ìdí rẹ̀ ń ju nǹkan sókè. Òun ni mo máa ń sọ fún pé kó ra èyí tó fúyẹ́ ní sípíríǹgì, Tacoma sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwọn Tacoma àti Tundra yìí ní àrùn tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín má bàa dì. Iyọ̀ yẹn ń jẹ ṣáàsì láti inú. Ó burú débi pé ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é lórí ṣáàsì tó ń jẹrà, Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, pẹ̀lú àwọn Sequoia kan, owó tí wọ́n fojú bù sí i sì tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Tí wọ́n bá lu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo lọ́hùn-ún, ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀, á sì máa dán. Òòlù kékeré ni mo máa ń mú dání, n ó máa fi kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn. Irin tó yè máa ń dún, èyí tó ti kú kì í dún. Bákan náà ni ọkọ̀ tí omi ti gbé. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó ri Houston mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2017, ó di dandan fún mi láti máa fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán kí n tó gba ọkọ̀ gbọ́, torí ẹrọ̀fọ̀ máa ń sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sì í rántí ibẹ̀.

Nígbà tí epo wọ́n ní 2023, ọjà náà yí padà ní kíá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, náírà náà ti já. Táǹkì Tundra ń gba nǹkan bí lítà 100. Nígbà tí lítà kan kò tó ₦200, owó tó ń kún un kò pé ₦20,000. Ní ìparí 2024, lítà kan ti lé ní ₦900. Ẹ̀yin ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ń fi Tundra ṣe fààjì ní Òkè-Ìléwó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá pé kí n bá wọn wá oníbàárà, oníbàárà kò sì sí. Ẹrù kékeré tí pikọ́ọ̀pù ń gbé láàárín ìlú tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù àti bọ́ọ̀sì kékeré Kòròpé. Àwọn tó ń lọ sí oko jíjìn nìkan ló kù fún wa, àwọn gan-an sì ni wọn kò lè ṣe é láìní pikọ́ọ̀pù.

Ní báyìí, àwọn tuntun ti dé. Innoson ní Nnewi, tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ wọn ní 2010, ń ṣe pikọ́ọ̀pù. Nord tí Oluwatobi Ajayi dá sílẹ̀ l'Ékòó náà ń ṣe é, Tank ni wọ́n sọ ọ́. Coscharis bẹ̀rẹ̀ sí í to Ford Ranger l'Ékòó ní 2015. Àwọn ará China ń kó tiwọn bọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìjọba gbìyànjú láti gbè wọ́n: ìlànà 2013 gbé ìdá 35 nínú 100, àti ìdá 35 mìíràn lórí rẹ̀, lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó bá ti òkèèrè wọlé ní odidi, kí wọ́n tó tún dín in kù ní 2020. Ní oṣù karùn-ún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmi Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, fọwọ́ sí àṣẹ kan nígbà tó ń delé fún Ààrẹ, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba máa kọ́kọ́ wo ohun tí a ṣe nílé kí wọ́n tó ra ti òkèèrè. Àwọn ará Ghana kò sùn: láti 2021 ni wọ́n ti ń to Hilux ní Tema.

Mo fẹ́ kí ti ilé borí. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdíje tí mo ń rí wọn ṣe, ìdíje ta ni yóò ta ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ fún ìjọba ni. Wọ́n á gbé e wá sí ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè-Mọ́sàn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ̀ náà yóò dé gbàǹjo, á sì bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ọjọ́ yẹn ni ìdíje gan-an bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni ilé-iṣẹ́ kì í sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ náà á gbé e wá bá mi, bó bá ní kí n pààrọ̀ ohun kan, n ó pe Láàdípọ̀, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. N ó so ẹ̀rọ tí mo fi ń ka àrùn ọkọ̀ mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní dá mi lóhùn, torí kóòdù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó tà á nìkan. Ọkọ̀ kò burú, mo ti tú díẹ̀ nínú wọn, irin wọn dára. Àìrí ohun èlò ni yóò sọ ọ́ di àkísà, ìròyìn rẹ̀ yóò sì dé etí ẹni tó tún fẹ́ rà á. Àwọn àgbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń yára ju ìpolówó lọ.

Kò ná ilé-iṣẹ́ kan ní ohun púpọ̀ láti ṣí ìsọ̀ ohun èlò kan sí Láfẹ́nwá tàbí Pàńṣẹ́kẹ́, kí ìsọ̀ náà ní awo kílọ́ọ̀ṣì, ìdádúró, ẹsẹ̀ iwájú, fíltà àti gíláàsì. Kí wọ́n rán ẹni tó mọṣẹ́ wá fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, kí ó kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń kà á pẹ̀lú ẹ̀rọ. Kí wọ́n má fi kóòdù pamọ́ fún wa. Bí wọ́n bá sì lè mú ẹ́ńjìnì kan náà sí bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tún mú un sí pikọ́ọ̀pù, kí wọ́n ta bọ́ọ̀sì náà fún àwọn akérò wa lówó tó mọ níwọ̀n, a ó ní Pijó tiwa láàárín ọdún mẹ́wàá. Peugeot fúnra rẹ̀ ti padà wá sí Kàdúná lábẹ́ Dangote, pikọ́ọ̀pù tuntun kan tó ń jẹ́ Landtrek sì wà lára ohun tí wọ́n kéde. Orúkọ náà ṣì dùn létí àwọn àgbà wa. Àmọ́ àwọn tó ń ra pikọ́ọ̀pù nísinsìnyí kò bá 504 dàgbà.

Àgbẹ̀ kan láti Ọ̀dẹ́dá wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó kó owó ìkórè jọ, ó sì ń ro bóyá kí òun ra ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe nílé. Mo ní kó ra Hilux gbàǹjo, onílítà 2.7, kó má ra onídísù. Ó ní ṣé n kò fẹ́ràn ohun tiwa ni. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo bá lè ra awo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Láfẹ́nwá láàárọ̀, kí n fi sí i, kí ọkọ̀ rẹ̀ sì ti padà wà lóko kí oòrùn tó wọ̀, èmi fúnra mi ni n ó bá a lọ rà á.